Ṣé odò lè gba lọ́yà? Àwọn oníbátìrì ti dé oko wa

Ọmọ Òṣómàáló (Iléṣà), Ọjọ́ Ajé, aago méje àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, kò jẹ́ kí n sùn dáadáa láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

Oko kòkó bàbá bàbá mi wà lójú ọ̀nà Ifẹ̀wàrà. Omi kan gba àárín rẹ̀ kọjá. Kì í ṣe odò ńlá, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ọmọdé lè fò ó, ṣùgbọ́n mi ò rí i kó gbẹ rí. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀ níbí. Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, jíìpù méjì wọ abúlé. Ọkùnrin mẹ́rin bọ́ sílẹ̀, wọ́n fi òòlù ṣá òkúta funfun kan tó yọrí létí omi, wọ́n di èérún rẹ̀ sínú ọ̀rá, wọ́n kọ nọ́ńbà sí ọ̀rá náà lára. Nínú òkúta ọ̀hún, apá kan wà tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí àlùkò, tó ń dán, tó ń ṣí ní ìpele-ìpele bí àlùbọ́sà. Òun ni wọ́n dunnú sí jù.

Wọ́n ní àwọn ò wá wúrà. Lítíọ́ọ̀mù ni, ohun tí wọ́n fi ń ṣe bátìrì sólà àti ti ọkọ̀ tí kì í mu epo. Ọ̀kan nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn bàbá sọ̀rọ̀ bí ẹni ń wàásù: ayé ti ń gbóná, èéfín epo ló fà á, tí ẹ bá yọ̀ǹda ilẹ̀ yín, ẹ ti bá wa gba ayé là nìyẹn. Bàbá kan tó jókòó sórí odó bi í pé, "Ta ni yóò wá gba omi wa là?" Àwọn oníjíìpù rẹ́rìn-ín, wọ́n fún un ní ẹgbẹ̀rún kan náírà.

Ìbéèrè mi rèé. Mo gbọ́ lórí rédíò pé ìlú kan wà lókè òkun tí òfin wọn ka odò sí ènìyàn, tí odò lè gba lọ́yà kó pe ènìyàn lẹ́jọ́. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé ó lè ṣeé ṣe níbí, kí jíìpù kẹta tó dé?

Amúnáwá Lágéré (Ilé-Ifẹ̀)

Àbúrò, èmi ni mò ń ta bátìrì tí ẹ ń sọ yìí, ẹ má bínú tí mo bá gbè sẹ́yìn rẹ̀ díẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ tó kọjá ni mo gbé ọ̀kan fún obìnrin aránṣọ kan ládùúgbò wa. Ẹ̀yìn fèrèsé rẹ̀ ni jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ máa ń wà, ògiri tó kọjú sí páìpù èéfín rẹ̀ ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Nígbà tí a tan sólà, tí máṣíìnì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ láìsí ariwo, ó dákẹ́. Mo rò pé nǹkan ti bàjẹ́ ni. Ó ní, "Mo ń gbọ́ aago ara ògiri mi." Láti ọdún tó ti ń lo ṣọ́ọ̀bù yẹn, kò gbọ́ aago náà rí lọ́sàn-án.

Bátìrì olómi ásíìdì tí a ń lò tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Ẹ lọ wo àwọn ọmọ tó ń fọ́ ọ lẹ́yìn ọgbà mẹkáníìkì. Wọ́n á da ásíìdì rẹ̀ sí gọ́tà, wọ́n á yọ́ òjé inú rẹ̀ nínú ìkòkò ní gbangba. Nàìjíríà ti ṣèlérí níbi ìpàdé àgbáyé lórí ayé tó ń gbóná, ní Glasgow, lọ́dún 2021 pé bó bá fi máa di 2060, èéfín tí a ń tú sáfẹ́fẹ́ kò ní ju èyí tí igbó àti ilẹ̀ lè fà mu lọ. Ẹni tó bá ní kí a má wa òkúta níbì kankan, kó sọ ohun tí a ó máa lò. Bẹntiróòlù kọ́ o.

Ọmọ Wúrà

Mo wa kùsà fún ọdún mẹ́fà lápá Àtàkúnmọ́sà, mo sì ti fi í sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń rí, nítorí ọ̀pọ̀ nínú yín orí fóònù lẹ ti ń wò ó.

Ẹ ó gbẹ́ kòtò títí ẹ ó fi kan yanrìn tó ní wúrà. Ẹ ó fa omi odò wá pẹ̀lú ẹ̀rọ, ẹ ó fi fọ yanrìn náà, omi ẹrẹ̀ yóò padà sínú odò. Ìyẹn nìkan ti sọ odò di pupa. Lẹ́yìn náà ni mẹ́kúrì. Ẹ ó kán an sínú páànù, yóò kó wúrà wẹ́wẹ́ jọ, ẹ ó dì í sínú aṣọ, ẹ ó fún un bí ẹni ń fún ògì, èyí tó kù ẹ ó gbé e sórí iná. Májèlé ni èéfín tó jáde, ṣùgbọ́n kò ní òórùn kankan. Nítorí pé kò lóòórùn ni a ṣe ń dúró tì í. Ní Zamfara lọ́dún 2010, òjé inú òkúta wúrà tí wọ́n ń lọ̀ láàárín ilé pa ọmọ tó lé ní irinwó. Ọmọ kéékèèké o.

Mi ò ní a kò gbọdọ̀ wa nǹkan. Kùsà ni mo fi kọ́lé. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé òkúta bátìrì máa mọ́ ju òkúta wúrà lọ. Àyè tí kòtò ń gbà kò yàtọ̀.

Lọ́yà Ìlódè (Ilé-Ifẹ̀)

Ọmọ Òṣómàáló, òótọ́ ni ohun tí ẹ gbọ́. Ẹ fara balẹ̀, ó gùn díẹ̀.

Ecuador ló kọ́kọ́ kọ ọ́ sínú òfin ìpìlẹ̀ orílẹ̀-èdè, lọ́dún 2008, pé igbó, odò àti ilẹ̀ ní ẹ̀tọ́ tiwọn láti wà, àti pé ẹnikẹ́ni lè gbẹnu sọ fún wọn. Kì í ṣe orí ìwé nìkan ló mọ. Igbó kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Los Cedros. Ìjọba ti fún àwọn kan ní ìwé àṣẹ láti wá bàbà àti wúrà nínú rẹ̀. Lọ́dún 2021, kóòtù tó ga jù lórí ọ̀rọ̀ òfin ìpìlẹ̀ ní àṣẹ náà tẹ ẹ̀tọ́ igbó mọ́lẹ̀, ó sì fagi lé e. Ẹ kíyè sí bàbà yẹn o: bàbà ni wáyà, wáyà ni sólà àti ọkọ̀ oníná. Bí bàbà ṣe wúlò tó fún àwọn tó ní "a fẹ́ gba ayé là", kóòtù kò torí rẹ̀ fi igbó náà sílẹ̀.

Ní New Zealand, lọ́dún 2017, wọ́n ṣòfin pé odò Whanganui jẹ́ ènìyàn lójú òfin. Alágbàtọ́ méjì ló ń sọ̀rọ̀ fún un, ìjọba yan ọ̀kan, àwọn Maori, ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀ tó ni odò, yan ọ̀kan. Nǹkan bí ogóje ọdún ni àwọn Maori fi bá ìjọba fà á kó tó rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin Ìjẹ̀ṣà tí ẹ mọ̀ pé ẹni tó bá máa gba gbèsè kì í tètè dìde, ẹ ó mọyì ìyẹn.

Ní ilẹ̀ Áfíríkà, Uganda kọ ọ́ sínú òfin àyíká wọn lọ́dún 2019. Ṣùgbọ́n ó ní ìjánu: mínísítà ni yóò máa sọ ibi tí ẹ̀tọ́ náà ti múlẹ̀. Ẹni tó ń fọwọ́ sí ìwé àṣẹ kùsà àti ẹni tó ń sọ igbó tó lẹ́tọ̀ọ́, inú ìjọba kan náà ni wọ́n ti ń gba owó oṣù.

Níbí, a kò ní irú òfin bẹ́ẹ̀. Èyí tó sún mọ́ ọn jù ni ìdájọ́ Kóòtù Gíga Jùlọ lọ́dún 2018. Ẹgbẹ́ kan pe ilé iṣẹ́ elépo ìjọba lẹ́jọ́ nítorí epo tó dà sínú odò ní Acha, ní ìpínlẹ̀ Abia. Àwọn kóòtù ìsàlẹ̀ ní, kí ló kàn yín, ẹ kì í ṣe ará ibẹ̀, epo kò ba tiyín jẹ́. Kóòtù Gíga Jùlọ ní rárá, ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ lè pẹjọ́ lórí ọ̀rọ̀ àyíká. Odò kò tíì di ènìyàn, ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ fún un ti ráyè wọ kóòtù.

OníBíbélì

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ ká ti ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn kó òrìṣà padà wọlé. Odò ò gbọ́, odò ò fọhùn. Ènìyàn ni Ọlọ́run fi sínú ọgbà láti ro ó àti láti pa á mọ́. Èmi náà kò fẹ́ kí wọ́n ba omi jẹ́, ṣùgbọ́n ẹ ní kí ènìyàn pa á mọ́, ẹ má ní kí omi di ẹgbẹ́ wa.

Ìbéèrè kan sì ni: bí odò bá jẹ́ ènìyàn, tó wá kún, tó gbé ilé lọ, ta ni ká mú? Ẹ̀yin ará Ìbàdàn rántí bí odò Ògùnpa ṣe kún lọ́dún 1980. Ṣé àgọ́ ọlọ́pàá la ó fà á lọ?

Lọ́yà Ìlódè (Ilé-Ifẹ̀)

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti bi ìbéèrè tí ìjọba Uttarakhand bi ní India. Kóòtù wọn ní kí odò Ganga àti odò Yamuna di ènìyàn ní oṣù kẹta ọdún 2017. Ìjọba ìpínlẹ̀ náà sáré lọ sí Kóòtù Gíga Jùlọ: tí omi bá pa ènìyàn, ṣé àwa alágbàtọ́ ni wọn yóò pè lẹ́jọ́? Ní oṣù keje ọdún yẹn gan-an, wọ́n dá ìdájọ́ náà dúró. Nítorí náà ìbéèrè yín kì í ṣe àwàdà. Ẹni tó bá gba ipò alágbàtọ́ gbọ́dọ̀ mọ ohun tó gbà.

Ìyá Eléwé (Òkèsà, Iléṣà)

Ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́ o.

Ẹ̀ ń wá òyìnbó tó máa sọ fún yín pé odò jẹ́ ènìyàn. Ta ni ń jẹ́ Ọ̀ṣun? Kí ni à ń kì í fún? Nígbà tí ẹni méjì bá fẹ́ ṣe àdéhùn tí kò gbọdọ̀ bàjẹ́, kí ni wọ́n ń pè é? Ìmùlẹ̀. Wọ́n mu ilẹ̀. Ilẹ̀ ló jẹ́ ẹlẹ́rìí, ilẹ̀ ló sì ń ṣèdájọ́. Ẹni tó bá dalẹ̀, ilẹ̀ mọ ohun tó máa ṣe fún un.

Ní abúlé ìyá mi, a kì í ri ìkòkò tí ìdí rẹ̀ dúdú bọ inú omi. Igbá la fi ń bu ú. A kì í fọ aṣọ lójú ìsun, ìsàlẹ̀ la ń lọ. A kì í pa ẹja tó wà lójú ìsun. Ọjọ́ kan wà nínú ọ̀sẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í lọ síbẹ̀, omi náà ń sinmi. Mo dàgbà tán kí n tó mọ̀ pé gbogbo ohun tí wọ́n fi òrìṣà dẹ́rù bà wá fún, kí omi lè mọ́ ni. Nígbà tí ìgbàgbọ́ dé, wọ́n gé igbó orí ìsun, wọ́n gbin kòkó. Ó pé wọn. Omi náà ti di ẹrẹ̀ báyìí.

Ṣé ẹ ti dé Òṣogbo lẹ́nu ọdún wọ̀nyí? Ohun tó ń ṣàn nínú igbó Ọ̀ṣun, tí gbogbo ayé ń wá wò, ṣe ló rí bíi tíì oníwàrà. Ìjọba fúnra wọn ti kìlọ̀ pé kí ẹni tó wá ṣọdún má mu ún. Ọ̀ṣun ní orúkọ, ó ní oríkì, ó ní Àwòrò, ó ní Arugbá. Kò ní lọ́yà. Ìyẹn nìkan ni mo mọ̀ pé kò ní.

Ọmọ Wúrà

Màmá, láti òkè lọ́dọ̀ wa ni ẹrẹ̀ yẹn ti ń lọ. Mo gbà. Ẹ dárí jì wá.

Lọ́yà Ìlódè (Ilé-Ifẹ̀)

Ọ̀rọ̀ Màmá rán mi létí ohun kan tó yẹ kí n ti sọ láti òwúrọ̀.

Òfin kùsà wa ti ọdún 2007 ní gbogbo ohun àlùmọ́ọ́nì abẹ́ ilẹ̀, tìjọba àpapọ̀ ni. Kódà kó jẹ́ abẹ́ ibùsùn yín. Ṣùgbọ́n inú òfin yẹn kan náà, a rí i pé ìwé àṣẹ kò fún ẹnikẹ́ni láyè láti wa kùsà níbi tí àwọn ènìyàn kà sí ibi mímọ́, tàbí láti ba igi tàbí ohunkóhun tí wọ́n ń bọ jẹ́.

Ẹ tún un kà. Igi tí ẹ ń bọ, òfin ń dáàbò bò ó. Omi tí ẹ kàn ń mu, òfin kò mọ̀ ọ́n ní irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Abúlé tí wọ́n ti di onígbàgbọ́ tàbí mùsùlùmí, tí wọ́n ti fi ìbọ sílẹ̀, àṣẹ kùsà lè wọ ibẹ̀ ju abúlé tí ìgbàgbọ́ kò tíì dé lọ. Omi kan náà ni o, òùngbẹ kan náà.

Èrò tèmi ni pé ibi tí "ẹ̀tọ́ odò" ti wúlò fún wa gan-an nìyí. Kì í ṣe kí a lè máa bọ ọ́. Kí omi má baà nílò ẹni tó máa bọ ọ́ kó tó rẹ́ni gbà á sílẹ̀ ni.

Ọmọ Òṣómàáló (Iléṣà)

Lọ́yà, ṣé ká kúkú sọ pé à ń bọ ọ́ ni? Ẹyẹlé méjì, orógbó díẹ̀, ká ya fọ́tò.

OníBíbélì

Háà!

Lọ́yà Ìlódè (Ilé-Ifẹ̀)

Rárá o. Ẹ má parọ́ níwájú adájọ́. Lọ́yà tiwọn yóò béèrè lọ́wọ́ yín pé ta ni àwòrò, ọjọ́ wo ni ọdún rẹ̀, kí ni ẹ kì í jẹ níbẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹjọ́ máa kú sí.

Ohun tí ẹ lè ṣe nìyí. Ẹni tó bá gba ìwé àṣẹ láti wa kùsà gbọ́dọ̀ bá ará ìlú ṣe àdéhùn ìdàgbàsókè kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, òfin ló sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn abúlé máa ń kọ "ẹ ṣe kànga fún wa, ẹ fún wa ní ilé ẹ̀kọ́" síbẹ̀. Ẹ kọ omi síbẹ̀: bí ó ṣe jìnnà tó sí etí omi tí wọn kò gbọdọ̀ fi nǹkan kan kàn, àti ẹni tí yóò máa yẹ omi wò tí wọn yóò sì máa sanwó fún. Ẹ yan alágbàtọ́ fún un, bíi ti Whanganui. Òfin kò ní kí ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí omi ṣe rí lónìí, nítorí tó bá bàjẹ́ lọ́la, wọn yóò ní bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Ọmọ Ifẹ̀ Lókè Òkun (Jámánì)

Ọ̀rọ̀ kékeré láti ibi tí mo wà. Àdúgbò wa kún fún ọkọ̀ oníná, kò dún, kò tú èéfín, àwọn ènìyàn ń yangàn pẹ̀lú rẹ̀. Èmi náà ń gun ọ̀kan. Ní Atacama, ní Chile, omi oníyọ̀ abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ń fà sókè, tí wọ́n tẹ́ sí oòrùn kó gbẹ kí lítíọ́ọ̀mù lè kù, nínú aṣálẹ̀ tó wà lára ibi tó gbẹ jù láyé. Ní Australia, òkúta ni, bíi tiyín. Afẹ́fẹ́ ọ̀dọ̀ wa mọ́, inú ilẹ̀ ẹlòmíì la kó ẹ̀gbin rẹ̀ sí. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè sọ fún ará abúlé yìí pé kó gbà tàbí kó má gbà.

Amúnáwá Lágéré (Ilé-Ifẹ̀)

Ó dáa, mo ti gbọ́. Mi ò ní dáwọ́ bátìrì títà dúró, aránṣọ mi ṣì fẹ́ máa gbọ́ aago rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà mi máa ń bi mí pé ọdún mélòó ló máa lò. Kò sẹ́ni tó bi mí rí pé níbo ló ti wá. Èmi náà kò bi ẹni tó tà á fún mi.

Ọmọ Òṣómàáló (Iléṣà), ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo lọ sí abúlé.

Bàálẹ̀ pe ìpàdé ẹbí. Ó gbóná. Àwọn ọ̀dọ́ kan fẹ́ gba owó, n kò sì bá wọn jà, kòkó tí à ń gbára lé, àrùn ti mú púpọ̀ nínú rẹ̀. A jọ fẹnu kò sí ohun kan ṣá: ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ sí ìwé kankan ní òun nìkan, tí àwọn oníjíìpù bá padà dé, omi ni a ó kọ́kọ́ bá wọn sọ kí a tó dárúkọ owó. A yan alágbàtọ́ méjì. Ọ̀kan ni bàbá tó jókòó sórí odó. (Ẹgbẹ̀rún kan náírà wọn ṣì wà lápò rẹ̀, kò ná an.) Èkejì ni ọmọbìnrin àbúrò mi tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa kẹ́míkà ní yunifásítì.

Ọmọbìnrin náà ló ní ká wọn omi. A fi ọ̀pá ọparun gba a níbi tó ti ń já wálẹ̀ láti orí àpáta, a gbé kẹ́ẹ̀gì lítà 25 sábẹ́ rẹ̀, ó tẹ fóònù. Ó kún ní ìṣẹ́jú àáyá 41. A ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta. A bu omi sínú ìgò funfun, a gbé e síwájú bébà tó ní ìwé títẹ̀ lára, a yà á ní fọ́tò: gbogbo lẹ́tà ló hàn. Bàálẹ̀ fọwọ́ sí bébà náà, ó tún fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ó ní òun kò mọ èyí tí adájọ́ máa fẹ́.

Oṣooṣù la ó máa ṣe é. Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù tó ń bọ̀ la tún ń lọ. Lọ́yà ti ní òun ń bọ̀. Màmá Eléwé, àwọn àgbà ní kí n pè yín, wọ́n fẹ́ kí ẹ wá wo ojú ìsun. Ibẹ̀ ń yọ̀ o, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ bàtà rọ́bà wá.

Ìyá Eléwé (Òkèsà, Iléṣà)

Bàtà wo? Ìsàlẹ̀ ni a ń bọ́ ọ sí.